Gé e Tàbí Fi Í Sílẹ̀? Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Igbó Inú Ìlú ní Kàdúná

Bí òjò bá ti rọ̀ dé oṣù kẹjọ ní Kàdúná, eruwà á ti ga ju ènìyàn lọ lórí ilẹ̀ tí wọn kò tíì kọ́, lẹ́bàá ojú irin, ní bèbè odò àti lẹ́yìn ògiri àwọn ilé ńlá inú GRA. Láti ìgbà náà títí ọyẹ́ yóò fi gbẹ ẹ́, ìbéèrè kan ni ó ń jẹ yọ lọ́dọọdún: ṣé kí a gé e ni, àbí kí a fi í sílẹ̀?

Ní òkè òkun, fífi ọgbà àti pápá sílẹ̀ kí ó máa hù bí ó ti wù ú ti di ìpolongo. Láti 2019 ni ẹgbẹ́ Plantlife ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń rọ àwọn onílé pé kí wọ́n má gé koríko wọn nínú oṣù karùn-ún. Ní oko Knepp ní Sussex, Charles Burrell àti ìyàwó rẹ̀, Isabella Tree, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ilẹ̀ tí ó tó éékà 3,500 sílẹ̀ ní nǹkan bí 2001. Wọ́n da màlúù, ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹṣin sórí rẹ̀, àwọn ẹyẹ àti labalábá tí ó ti ṣọ̀wọ́n sì padà wá. Ìlú ọ̀dàn ni Kàdúná ní tirẹ̀. Ìdajì ọdún ni òjò fi ń rọ̀ níbẹ̀, ìdajì yòókù jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ní paramọ́lẹ̀, ó ní iná ọ̀dàn, ó ní ìbẹ̀rù ajínigbé, ó sì ní èrò rẹpẹtẹ tí ń wá ibi tí yóò kọ́lé sí. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ìdáhùn tí ó wà nílẹ̀ sì ju méjì lọ. Àgbéyẹ̀wò yìí to ìdáhùn náà ní ẹsẹẹsẹ, ó sì wo ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ àti ibi tí ó ti mẹ́hẹ.

Bí koríko ṣe di ọ̀rọ̀ ìjọba

Ọ̀rọ̀ koríko ní Kàdúná ti pẹ́ tó ìlú náà fúnra rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ́ ìlú yìí láti fi ṣe olú-ìlú Àríwá, ní 1917 sì ni ìjọba kó kúrò ní Zungeru wá síbẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni òfin jáde lórí ètò àwọn ìlú Nàìjíríà, tí ó ní kí ilẹ̀ tí ó fẹ̀ tó yáàdì 440 wà láìsí ilé gbígbé láàárín àdúgbò òyìnbó àti ti ọmọ onílẹ̀. Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni pé ẹ̀fọn tí ó bá fa ibà lára ọmọ onílẹ̀ kò ní lè fò la gbalasa bẹ́ẹ̀ já. Wọn ò fi gbalasa náà ṣe igbó. Wọ́n fẹ́ kí ojú lè ríran já a ni. Láti ìpìlẹ̀ ni koríko rírẹ́ ti dúró fún ìjọba àti ọlá, tí koríko gíga sì dúró fún ọ̀bùn.

Àwọn wolé-wolé, tí àwọn Hausa ń pè ní duba gari, ni wọ́n gbé èrò náà wọ inú agbo ilé. Nígbà tí ó di 1984, ìjọba ológun Buhari àti Idiagbon sọ Sátidé tí ó kẹ́yìn oṣù di ọjọ́ ìmọ́tótó káàkiri Nàìjíríà, tọkọ́-tàdá sì ni gbogbo ilé ń jáde. Ẹni tí ó bá ní kí a fi koríko sílẹ̀ ní Kàdúná lónìí, ẹ̀kọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún ni ó ń bá jiyàn.

Àwọn tí ó ní kí a gé e nítorí ìlera

Ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà: ibi tí àwọn onímọ̀ọ́tótó dúró nìyí, ìrírí ni wọ́n sì gbé e kà. Ní 1937, ní Anchau, tí ó wà nínú Ìpínlẹ̀ Kàdúná òde òní, ìjọba bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan lábẹ́ T. A. M. Nash. Wọ́n gé igi àti igbó bèbè odò tí eṣinṣin tsetse ń fi ṣe ilé, wọ́n sì tún àwọn abúlé tò. Àrùn oorun tí ń pa àwọn ará ibẹ̀ rọlẹ̀. Àwọn tí ó rántí ìtàn yìí kì í fi ojú yẹpẹrẹ wo àdá. Wọ́n tún ń tọ́ka sí ejò: nínú ọ̀dàn Nàìjíríà, ejò kékeré tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Echis ni ó ń pa ènìyàn jù. Ní ti ibà Lassa, ìmọ̀ràn àjọ tí ń gbógun ti àrùn ní orílẹ̀-èdè wa ni pé kí a ṣán igbó àyíká ilé kí eku má baà fi ṣe ibùgbé.

Ibi tí àlàyé wọn ti mẹ́hẹ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ni a máa ń gbọ́ lẹ́nu gbogbo ayé. Ẹ̀fọn Anopheles gambiae, tí ó ń gbé ibà kiri jù, kì í yé sínú koríko. Adágún kékeré tí oòrùn ń tàn sí ni ó fẹ́ràn: ipa táyà mọ́tò, ihò tí wọ́n ti wa amọ̀ bíríkì, ojú ilẹ̀ tí a ti ṣán tí omi wá dúró lé. Síbẹ̀, a ò lè dá igbó láre pátápátá, torí pé ẹ̀fọn tí ó ti dàgbà ń sinmi nínú ewé, ó sì ń mu oje òdòdó. Àwọn olùwádìí lọ sí abúlé 9 ní agbègbè Bandiagara ní Mali, wọ́n gé ẹ̀ka igi Prosopis tí ó ń tanná kúrò nínú díẹ̀ lára wọn, iye ẹ̀fọn ibẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún dín kù, gẹ́gẹ́ bí ìwé wọn ti 2017 ṣe sọ. Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀ka irú igi kan ṣoṣo, tí ó tún jẹ́ àjèjì, ni wọ́n gé. Wọn ò ṣán gbogbo ilẹ̀. Ní ti eku, oúnjẹ tí a kò bò àti ààtàn ni ó ń pè é wọlé ju koríko lọ.

Àwọn tí ó ní igbó ni ibùba

Ìjọ kejì kò sọ̀rọ̀ àrùn rárá. Ààbò ni tiwọn. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta 2021, àwọn agbébọn wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ tí ó wà fún ẹ̀kọ́ igbó ní Afaka, lẹ́yìn odi Kàdúná, wọ́n sì kó akẹ́kọ̀ọ́ 39 lọ. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta 2022, wọ́n kọlu ọkọ̀ ojú irin tí ń bọ̀ láti Àbújá. Láti ìgbà náà, igbó lẹ́bàá ọ̀nà ti di ohun tí ará Kàdúná ń wò tìfura-tìfura, kò sì sí bí a ṣe lè dá a lẹ́bi.

Ìwádìí kan ń ti ìjọ yìí lẹ́yìn láti ọ̀nà jíjìn. Ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà, wọ́n mú ilẹ̀ ahoro 541, wọ́n pín wọn sí ọ̀wọ́ láìṣojúsàájú, wọ́n sì tún apá kan ṣe: wọ́n kó pàǹtírí, wọ́n gbin koríko àti igi díẹ̀, wọ́n ṣe ọgbà igi kúkúrú yí i ká, wọ́n sì ń gé e déédéé. Èsì tí ó jáde ní 2018 fi hàn pé ìbọn yíyìn dín kù ní àwọn àdúgbò tálákà tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n oríṣi igbó méjì ni ìjọ yìí ń pa pọ̀. Igbó tí àwọn agbébọn ń sá pamọ́ sí jẹ́ irú Kamuku ní ìhà Birnin Gwari, tí ìjọba sọ di ọgbà ẹranko orílẹ̀-èdè ní 1999. Ilẹ̀ ahoro inú ìlú, ní Barnawa tàbí Malali, kò jọ ọ́ rárá. Ní Kamuku pàápàá, igi ti wà kí agbébọn tó dé. Ohun tí ó yí padà ni pé apá ìjọba kò ká a mọ́. Bí a bá ṣán gbogbo ẹ̀bá ọ̀nà láìfi ẹ̀ṣọ́ síbẹ̀, a kàn mú kí ojú ríran jìnnà sí i ni.

Àwọn tí ó ní kí a fi í sílẹ̀ fún ẹ̀dá

Ohun tí ìjọ kẹta gbójú lé ni pé ilẹ̀ mọ bí yóò ṣe wo ara rẹ̀ sàn bí a bá yé dà á láàmú. Ẹ̀rí tí ó dàgbà jù fún èyí wà ní ilẹ̀ Yorùbá. Láti 1929 ni àwọn onímọ̀ igbó ti pín ilẹ̀ kan ní Olókèméjì sí ọ̀nà mẹ́ta. Wọ́n ń sun apá kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ń sun èkejì ní ìparí rẹ̀, wọn ò sì jẹ́ kí iná kan ẹ̀kẹta. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọdún 28, ibi tí iná kò dé ti di igbó tí igi bò, koríko ni ó jọba níbi tí iná ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ti ń jó, apá tí ó kù sì wà láàárín méjèèjì. Ní Ìbàdàn, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn IITA gba nǹkan bí hẹ́kítà 1,000 ní 1967; apá tí wọn kò fi dáko ti padà di igbó kìjikìji, níbi tí àwọn olùṣọ́ ẹyẹ ń lọ wá ẹyẹ Malimbus ibadanensis tí kò sí níbòmíràn láyé àfi Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Nínú ìlú, igi gíga ń gba igún là. Láti 2015 ni igún tí a mọ̀ mọ́ ọjà àti ibi ìpẹran ti wà lára àwọn ẹ̀dá tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ láyé.

Àìlera ìjọ yìí ni pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Olókèméjì àti Ìbàdàn kò lè rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ní Kàdúná. Òjò Kàdúná kò ju nǹkan bí mìlímítà 1,200 lọ lọ́dún, igbó ńlá tí irúgbìn yóò ti wá sì jìnnà. Ilẹ̀ IITA ní ògiri. Ilẹ̀ ahoro inú ìlú ní ewúrẹ́ àti àgùntàn tí ń jẹ gbogbo ọ̀mùnú kí ó tó di igi. Ohun tí yóò sì kọ́kọ́ hù lè má jẹ́ ti ilẹ̀ náà: dóńgóyárò, tí wọ́n kó wọ Nàìjíríà ní nǹkan bí 1928, ni ẹyẹ ń gbin kiri jù. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá wá dé, eruwà tí ó ti gbẹ di ìdáná lẹ́yìn ilé. Àwọn ará òkè òkun náà ti rí àbùkù ìlànà yìí. Ní Oostvaardersplassen ní ilẹ̀ Netherlands, níbi tí wọ́n ti fi màlúù, ẹṣin àti àgbọ̀nrín sílẹ̀ láìbójú tó wọn, ẹran tí ó lé ní 3,000 ni ó kú ní ìgbà òtútù 2017 sí 2018. Ìbọn ni wọ́n fi pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kí ebi má baà pa wọ́n.

Àwọn tí ó ní gbígbìn ló kù

Ìjọ kẹrin gbà pé ìlú nílò igi, ṣùgbọ́n wọn ò gbà pé kí a jókòó máa wo ilẹ̀. Kàdúná ní ìtàn nínú èyí náà. Ọ̀gànwó, máńgòrò àti dóńgóyárò tí ó ṣíji bo àwọn òpópónà àtijọ́ kò dédé hù síbẹ̀. Ẹnì kan ni ó gbìn wọ́n. Láti àwọn ọdún 1960 ni wọ́n sì ti ń dán páìnì àti eucalyptus wò nínú igbó Afaka. Àǹfààní gbígbìn ni pé a mọ ohun tí a ń retí, a mọ ibi tí yóò wà, òṣèlú sì lè ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀. Àléébù rẹ̀ kò jìnnà sí àǹfààní tí a kà kẹ́yìn yìí: ọjọ́ gbígbìn ní ayẹyẹ, oṣù ìbomirin kò ní. Igi tí a gbìn nínú oṣù kẹjọ tí ẹnikẹ́ni kò bomi rin yóò ti gbẹ kí oṣù kejì tó pé.

Láàárín gbígbìn àti fífi sílẹ̀ ni ọ̀nà kan ti yọ láti Maradi ní orílẹ̀-èdè Niger. Ní nǹkan bí 1983, Tony Rinaudo, ọmọ Australia, ṣàkíyèsí pé kùkùté tí àwọn àgbẹ̀ ti gé kò kú. Gbòǹgbò wọn ń yọ ọ̀mùnú lọ́dọọdún. Ó kọ́ àwọn àgbẹ̀ pé kí wọ́n yan díẹ̀ nínú rẹ̀, kí wọ́n gé ìyókù, kí wọ́n sì ṣọ́ èyí tí ó kù. Ọ̀nà yìí ti mú igi padà sórí ilẹ̀ tí ó tó hẹ́kítà mílíọ̀nù márùn-ún ní Niger. Irú èrò yìí kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ Hausa, níbi tí àgbẹ̀ ti ń dá igi emi, igi irú àti osè sí láàárín ọkà láti ayébáyé. Ohun tí ọ̀nà Maradi ń béèrè ni pé kí ẹni tí ó ṣọ́ igi ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀ka àti èso rẹ̀. Lórí oko, èyí ṣeé ṣe. Lórí ilẹ̀ inú ìlú tí onílẹ̀ ń gbé Àbújá tàbí London, ta ni yóò ṣọ́ ọ?

Àwọn tí ó ní ilẹ̀ fún oúnjẹ ni

Ìjọ karùn-ún kì í kọ ìwé, ṣùgbọ́n ilẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Ní bèbè odò Kàdúná, bí omi bá ti fà, àwọn àgbẹ̀ fàdámà á gbin ewébẹ̀, tòmátì àti àgbàdo tí ìlú ń jẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lójú wọn, fífi irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ẹyẹ jẹ́ ìnáwó olówó. Àwọn obìnrin tí ń já ẹ̀bọ̀lọ̀, tàfásá àti ewé àgbo lórí ilẹ̀ ahoro wà nínú ìjọ yìí pẹ̀lú, ṣùgbọ́n igbó dára fún àwọn ní tiwọn, nítorí ibẹ̀ ni ọjà wọn ti ń wá.

Agbára èrò yìí hàn kedere: owó àti oúnjẹ ń jáde nínú rẹ̀ lónìí. Àìlera rẹ̀ wà nínú odò. Odò tí ń ṣàn bọ̀ láti òkè Jos lọ bá odò Ọya yìí kún àkúnya ní 2003 àti 2012, ó sì lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò nílé. Igbó bèbè odò ń di ilẹ̀ mú, ó sì ń dín eré omi kù. Oko tí a tú títí dé etí omi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ ti 2009 lórí àbàtà àti bèbè odò tilẹ̀ ti ní kí a dáàbò bo irú ibi bẹ́ẹ̀. Kì í sì í ṣe àgbẹ̀ nìkan ni ìlànà yìí bá wí. Àwọn tí ó kọ́ ilé sójú ọ̀nà omi jẹ̀bi ju àwọn tí ó gbin ewébẹ̀ lọ.

Àwọn tí ó ní ọkàn ènìyàn ni kí a rò

Ìjọ kẹfà ń sọ pé igbó ń tu ọkàn lára. Ìwé Roger Ulrich ti 1984 ni ó la ọ̀nà. Ó fi àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ní ilé-ìwòsàn kan ní Pennsylvania wé ara wọn, ó sì rí i pé àwọn tí fèrèsé wọn kọjú sí igi tètè lọ ilé ju àwọn tí tiwọn kọjú sí ògiri lọ, oògùn apàrora líle tí wọ́n lò sì kéré. Ní 2019, ìwádìí lórí nǹkan bí 20,000 ènìyàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé àwọn tí ó ń lo ó kéré tán ìṣẹ́jú 120 lọ́sẹ̀ níbi tí ewéko wà ni ó sọ jù pé ara àwọn le, inú àwọn sì dùn.

Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn fúnra wọn ni wọ́n ròyìn ara wọn, ẹni tí ara rẹ̀ le ni ó sì sábà máa ń lè rìn lọ sí pápá. Philadelphia tún yọjú níhìn-ín: àwọn tí ń gbé nítòsí ilẹ̀ tí wọ́n tún ṣe sọ pé ìrẹ̀wẹ̀sì àwọn dín kù, àmọ́ koríko rírẹ́ ni wọ́n ń wò, wọn ò wo igbó. Kàdúná tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti fi kún un. Ojú tí a fi ń wo igbó kò dọ́gba. Ẹni tí ó ní ògiri gíga àti ọlọ́dẹ ní GRA lè gbádùn rẹ̀. Fún ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ igbó lọ sí ilé-ìwé ní Rigasa, igbó kan náà ni kì í jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Àwọn alárinà

Ìjọ tí ó kẹ́yìn ń wá bí gbogbo wọn yóò ṣe jọ jókòó. Joan Nassauer, onímọ̀ ètò ilẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kọ ní 1995 pé ohun tí ń bí àwọn aládùúgbò nínú nípa ilẹ̀ igbó ni pé kò sí àmì pé ẹnì kan ń tọ́jú rẹ̀. Àbá rẹ̀ ni pé kí inú ilẹ̀ hù bí ó ti fẹ́, kí etí rẹ̀ sì mọ́: kí a gé koríko ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí ọgbà kúkúrú wà, kí ọ̀nà ẹsẹ̀ la á kọjá. Ní Kàdúná, èyí lè túmọ̀ sí kí a ṣán àyíká ilé àti ẹ̀bá ọ̀nà, kí a la ọ̀nà tí iná kò lè fò kọjá kí ọyẹ́ tó dé, kí a dá igi inú ilẹ̀ náà sí, kí ewúrẹ́ má sì lè wọlé.

Àbá yìí gba nǹkan lọ́wọ́ gbogbo ìjọ, ó sì fún olúkúlùkù ní díẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni owó: ó gba iṣẹ́ ju gígé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ. Àmì ìtọ́jú kò sì lé ejò. Ilẹ̀ kékeré tí a bá gé etí rẹ̀ tán, inú rẹ̀ lè má tó ohun tí ẹyẹ yóò bà lé.

Ohun tí kò tíì yanjú

Bí a bá tẹ́ gbogbo èrò wọ̀nyí sílẹ̀, a ó rí i pé púpọ̀ nínú wọn ò tako ara wọn tó bí ariwo wọn ṣe pọ̀ tó. Ilẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń sọ. Àgbàlá ilé ni ti onímọ̀ọ́tótó, ẹ̀bá ọ̀nà ni ti ẹni tí ń ro ààbò, bèbè odò ni àgbẹ̀ àti ẹni tí ń rò nípa àkúnya omi jọ ń jà lé. Ìbéèrè mẹ́ta ni pípín ilẹ̀ báyìí kò lè dáhùn.

Ti àkọ́kọ́ ni iná. Ilẹ̀ tí iná kò jó yóò di ibi igi. Èyí tí ó ń jó lọ́dọọdún yóò jẹ́ pápá eruwà. Méjèèjì ni a lè pè ní ìṣẹ̀dá, ẹyẹ àti kòkòrò inú wọn sì yàtọ̀. Èwo ni Kàdúná fẹ́?

Ti èkejì ni bóyá ẹ̀rí òkè òkun nípa ìlera ọkàn bá ìlú mu tí ejò àti ajínigbé ti jẹ́ ìbẹ̀rù gidi. Fèrèsé ilé-ìwòsàn ní Pennsylvania kò lè dáhùn èyí, àyàfi kí wọ́n béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Tudun Wada àti Sabon Tasha fúnra wọn.

Ti ẹ̀kẹta ni òfin. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ sì sábà máa ń fún onílẹ̀ ní gbèdéke ọdún tí ó gbọ́dọ̀ fi kọ́lé. Lábẹ́ ètò yìí, ó ṣòro fún ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ fi ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún igi láti fi hàn pé òun kì í ṣe ẹni tí ó pa ilẹ̀ tì. Bí ìjọba bá fẹ́ ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, ó gbọ́dọ̀ sọ ohun tí onígbó yóò máa ṣe, iye ìgbà tí wọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò, àti ẹni tí yóò san owó ìwòsàn bí ejò bá ti inú igbó náà jáde bu aládùúgbò jẹ.